Ìbéèrè Tí Perceval Kò Béèrè

Ìrọ̀lẹ́ kan wà nínú ìtàn Faransé àtijọ́ tí mo máa ń padà sí bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó ti ọba tí kò lè dìde. Iná ń jó láàárín gbọ̀ngàn. Ìránṣẹ́ kan jáde láti inú yàrá, ó mú ọ̀kọ̀ funfun dání, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo sì yọ lẹ́nu ọ̀kọ̀ náà, ó ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀ títí ó fi dé ọwọ́ ẹni tó mú un. Àwọn méjì tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọ̀pá fìtílà wúrà, àbẹ́là tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò dín ní mẹ́wàá. Ọmọbìnrin kan ló wá tẹ̀ lé wọn, ó gbé àwo wúrà dání, òkúta iyebíye sì wà lára àwo náà. Bó ṣe wọlé, ìmọ́lẹ̀ àwo náà bo ti àbẹ́là mọ́lẹ̀ bí oòrùn ṣe ń bo ìràwọ̀. Wọ́n kọjá níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, wọ́n wọ yàrá mìíràn lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún gbé oúnjẹ wá ni àwo náà tún ń kọjá. Ó wù ú kó béèrè ẹni tí wọ́n ń gbé e lọ fún. Kò béèrè. Ó ní tílẹ̀ bá mọ́, òun á bi àwọn ìránṣẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, kò rí ẹnì kankan nínú ilé. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹṣin rẹ̀ ti wà ní gàárì, ọ̀kọ̀ àti apata rẹ̀ fara ti ògiri. Bó ṣe ń gun ẹṣin jáde lórí afárá, afárá náà dìde lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ẹṣin náà fò, inú omi ni àwọn méjèèjì ì bá bọ́ sí. Ó yíjú padà, ó ké pe ẹni tó gbé afárá sókè. Kò rí ẹnì kankan.

Ẹni tó kọ ìtàn yìí ni Chrétien de Troyes, láàárín nǹkan bí 1181 sí 1190. Perceval ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ọmọ yunifásítì ni mí, nílé ní Nàìjíríà, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà, nínú ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ìjà ni mò ń wá nígbà yẹn. Mo fẹ́ ka ti Arthur, ọba inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Britain, ti idà, ti àwọn tó ń fẹ́ ara wọn ní bòókẹ́lẹ́ láàfin. Mo fò kọjá lórí àwo àti ọ̀kọ̀ yẹn láti tètè dé ibi tí wọ́n ti ń ja. Ìgbà tí mo wá lọ sí òkè òkun láti kọ́ Faransé àtijọ́, tí mo ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni mo tó mọ̀ pé ibi tí mo fò yẹn ni gbogbo ìtàn náà dúró lé. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Guiot ló da ìtàn márùn-ún tí Chrétien kọ nípa ààfin Arthur kọ sínú ìwé ńlá kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Ìwé náà wà ní Paris, ní ilé ìkàwé ìjọba Faransé, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń ṣí i lórí fóònù lálẹ́, màá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí màá fi rí bí yíǹkì ṣe rìn lórí awọ.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa orúkọ tí mò ń pe àwọn ajagun inú ìtàn yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “knight”. Àwọn kan ń pè wọ́n ní jagunjagun orí ẹṣin, kò sì burú. Ẹ̀ṣọ́ ni èmi ń pè wọ́n. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́, tí a máa ń kì pé wọn kì í gbọfà lẹ́yìn, pé iwájú ni wọ́n fi ń gbọgbẹ́, mọ ohun tí Chrétien ń sọ: pé oyè ni ìjà, pé ó ní òfin, pé ojú lè ti ènìyàn ju kó kú lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò bára mu tán, àmọ́ ó sún mọ́ ọn.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni pé Perceval kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n béèrè. Ìbéèrè ló fi wọnú ìtàn. Inú igbó ní Wales ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ, kò sì jẹ́ kó gbọ́ ohunkóhun nípa ẹ̀ṣọ́, nítorí ìjà ló pa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, ìbànújẹ́ wọn ló sì pa bàbá wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ariwo irin nínú igbó, ó rò pé èṣù ni. Nígbà tí wọ́n yọ sínú oòrùn, tí akoto wọn ń kọ mànà, ó ní áńgẹ́lì ni wọ́n. Ó bi olórí wọn bóyá òun ni Ọlọ́run. Ìyẹn ń bi í bóyá ó rí àwọn ènìyàn kan tó kọjá, òun kò dáhùn, tirẹ̀ ló ń béèrè. Kí lẹ mú lọ́wọ́ yìí? Ṣé ẹ máa ń jù ú ni? Kí ni ti èyí tẹ́ ẹ gbé kọ́rùn? Ẹ̀wù wo nìyí? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àgbọ̀nrín ní irú rẹ̀ o, torí mi ò ní rí ọ̀kankan pa mọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe bí yín nìyí?

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ní àwọn ará Wales gọ̀ ju ẹran tó ń jẹko lọ. Àmọ́ olórí wọn dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tó fi kúrò nínú ìtàn.

Lẹ́yìn èyí ni Perceval dé ilé Gornemant de Gohort. Gornemant kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń gun ẹṣin lójú ìjà àti bí wọ́n ṣe ń di ọ̀kọ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ ló so irin tí wọ́n fi ń gún ẹṣin kó lè sáré mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ pa ẹni tó bá tọrọ ẹ̀mí rẹ̀. Ó ní kó máa ran àwọn obìnrin tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́. Ó tún ní kó má máa sọ̀rọ̀ jù, nítorí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ jù ń dẹ́ṣẹ̀. Ó sì ní kó yéé sọ níbi gbogbo pé ìyá òun ló kọ́ òun.

Mo mọ Gornemant. Abẹ́òkúta ló ń gbé.

Dádì Abẹ́òkúta là ń pe ẹ̀gbọ́n màmá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń lo ọlidé nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi náà jẹ́ onítọ̀pinpin. Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo bi àlejò kan, níwájú gbogbo ilé, ìdí tí ìyàwó rẹ̀ kò fi tẹ̀ lé e wá mọ́. Dádì kò nà mí. Ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú wa fi ṣe déédéé, ó ní, “Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ wíwẹ̀ yẹn, ẹnu ni.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn, mo dáhùn ohun tí wọ́n bá bi mí, mo sì gba ìyìn rẹpẹtẹ. Nígbà tí mo dé kíláàsì òkè òkun, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó sí igun tábìlì láìya ẹnu mi, tí mo ní ìbéèrè méje kọ sínú ìwé.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo tún kan ìran gbọ̀ngàn yẹn, lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ Faransé náà díẹ̀, mi ò lè bínú sí Perceval. Akéwì náà sọ ọ́ kedere: ọmọkùnrin náà rántí ohun tí Gornemant sọ fún un, ẹ̀rù sì bà á kí wọ́n má lọ kà á sí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló dí i lẹ́nu. Kì í ṣe pé kò bìkítà.

Ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá kan wà tó máa ń wá sí mi lọ́kàn níbí: ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Perceval béèrè ọ̀nà! Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó dé etí odò, ó rí ọkùnrin méjì nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan ń fi ìwọ̀ pẹja. Ó bi wọ́n bóyá afárá wà nítòsí. Apẹja náà ní kò sí, ó ní kó wá sùn sílé òun, ó júwe ibi tó máa gbà láàárín àpáta. Perceval gòkè, kò rí nǹkan kan, ó ti ń ṣépè fún apẹja náà kó tó rí ṣóńṣó ilé ìṣọ́ láàárín àfonífojì. Apẹja yìí kan náà ni ọba tó bá nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀kọ̀ ló gún un láàárín itan lójú ogun, kò lè gun ẹṣin mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹja, tí wọ́n sì ń pè é ní Ọba Apẹja. Òwe náà ṣẹ: ó béèrè, kò ṣìnà, ó dé ilé. Inú ilé ló ti sọnù.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá ọmọbìnrin kan lábẹ́ igi, òkú olólùfẹ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ibi tó sùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè. Ṣé o rí ọ̀kọ̀ náà? Mo rí i. Ṣé o béèrè ìdí tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀? Rárá. Ṣé o rí àwo náà? Mo rí i. Ṣé o béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ? Rárá. Ó wá bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ nǹkan ìyanu fún mi pé títí di ìgbà yìí, lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, ọmọkùnrin náà kò mọ orúkọ ara rẹ̀. “Ọmọ mi dáadáa” ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Ó méfò, ó ní Perceval ará Wales ni òun, Chrétien sì ní òótọ́ ló sọ láìmọ̀. Ọmọbìnrin náà ní orúkọ yẹn ti yí padà: Perceval olórí burúkú ni. Ó sọ fún un pé ìbátan òun ni, pé ilé ìyá rẹ̀ làwọn jọ dàgbà, pé ká ní ó béèrè ni, ara ọba ì bá ti yá. Ó tún sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú. Mo máa ń pa ìwé dé níbí. A máa ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, a ó gbé e jó, a ó kì í. Ọjọ́ tí wọ́n já ọmọ yìí kulẹ̀ ló gba tirẹ̀.

Nínú gbogbo ìwé náà, ibi kan wà tó dùn mọ́ mi ju gbogbo ẹ̀ lọ, bí ìfẹ́ ààfin bá sì wà níbì kan, ibẹ̀ ló wà. Yìnyín ti bo ilẹ̀. Àṣá kọ lu ẹyẹ kan, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta kán sórí yìnyín. Pupa lórí funfun yẹn rán Perceval létí ojú Blanchefleur, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn, ó fara ti ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó ń wò ó, kò sì mọ ibi tó wà mọ́. Àwọn ará ààfin Arthur rí i lókèèrè. Sagremor lọ pè é pẹ̀lú agbára, Perceval bì í ṣubú. Kay lọ, òun tó lẹ́nu bí abẹ, Perceval gbé e ṣánlẹ̀, apá rẹ̀ dá. Gawain ló wá lọ, nígbà tó dé, ẹ̀jẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán, ó kí i, ó ní ká ní òun mọ̀ pé ó wù ú kí òun bá a sọ̀rọ̀ ni, òun ì bá ti sọ. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó: mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ya òwe yìí báyìí láìgbọ́ ọ rí.

Lẹ́yìn èyí, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ burú gun ìbaaka wá sí ààfin, ó bú Perceval níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní nítorí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin yóò di opó, ilẹ̀ yóò sì ṣòfò. Perceval búra pé òun kò ní sùn sílé kan lálẹ́ méjì títí òun yóò fi mọ ìdáhùn. Ọdún márùn-ún ló fi jà, ó gbàgbé Ọlọ́run pátápátá. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere kan, àwọn tó ń ronú pìwà dà pàdé rẹ̀ nínú igbó, wọ́n ní kí ló ń fi ohun ìjà ṣe lọ́jọ́ tí Jésù kú. Wọ́n tọ́ka rẹ̀ sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tó ń dá gbé nínú igbó fún àdúrà. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ ni bàbá náà. Òun ló sọ ẹni tí wọ́n ń gbé àwo lọ fún: arákùnrin òun náà ni, bàbá Ọba Apẹja, tó jẹ́ pé àkàrà mímọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú àwo ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn Chrétien, Robert de Boron pàápàá, ló sọ àwo yìí di ohun èlò tí Jésù lò ní Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn. Lọ́dọ̀ Chrétien, oúnjẹ àgbàlagbà nínú yàrá ẹ̀yìn ni.

Bàbá inú igbó náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tó dí Perceval lẹ́nu kì í ṣe ti Gornemant. Ti ìyá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tó kúrò nílé, ó wẹ̀yìn, ó rí i pé ìyá òun ṣubú sí ìdí afárá bí ẹni tó ti kú. Ó na ẹṣin rẹ̀, ó lọ. Ó pẹ́ kí n tó gba ọ̀rọ̀ yìí. Mo rò pé ìwàásù lásán ni, pé akéwì kan ń wá bí Ọlọ́run ṣe máa wọnú ìtàn. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ìbéèrè kan náà ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí kò yà béèrè pé kí ló ṣe é. Gbọ̀ngàn ọba kàn jẹ́ ìgbà kejì.

Chrétien kò parí ìwé náà. Ìtàn ti yà sọ́dọ̀ Gawain nígbà tí gègé dúró, lẹ́yìn ìlà tó lé ní 9,000. Ní ìlà tó gbẹ̀yìn, obìnrin kan sáré wọlé pẹ̀lú ìbànújẹ́ lójú, ayaba rí i, ó sì bi í pé kí ló ṣe é. Ibẹ̀ ló parí sí. Òǹkọ̀wé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbìyànjú láti máa bá a lọ ní èdè Faransé. Mo ti ka díẹ̀ nínú wọn, mo sì gbà pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára.

Ará Jámánì kan ló dáhùn, Wolfram von Eschenbach, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, nínú nǹkan bí 25,000 ìlà. Parzival ni ọmọkùnrin náà ń jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, Anfortas sì ni ọba tó gbọgbẹ́. Wolfram yí ìbéèrè náà padà. Kì í ṣe ti ọ̀kọ̀ mọ́, kì í ṣe ti àwo. Ó ní “œheim”, ọ̀rọ̀ tí Jámánì ìgbà yẹn ń lò fún arákùnrin ìyá, ó wá bi í pé kí ló ń dà á láàmú. Mo gbìyànjú láti gbé e wá sí Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ní “uncle”, ó tán. Àwa kọ́kọ́ ní láti mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá ni àbí àbúrò ìyá. Lẹ́yìn náà, “ìwọ” ni Parzival pè é, Yorùbá sì kọ̀ jálẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà tí ó ń jẹ̀rora. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn ni: “Ẹ̀gbọ́n màmá mi, kí ló ń ṣe yín?” Mo wò ó, mo gbé bírò sílẹ̀.

Ohun kan tún rú mi lójú. Nígbà tí Parzival fi máa béèrè, ó ti mọ̀. Arákùnrin ìyá rẹ̀ kejì, Trevrizent, ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọgbẹ́ náà, ohun tó fà á, bó ṣe ń dun ọba. Kí ló tún ń béèrè fún? Ó sunkún, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó béèrè ohun tó ti mọ̀, ara ọba sì yá. Ẹni tó bá ti lọ kí aláìsàn nílẹ̀ wa mọ ìdáhùn. A mọ ohun tó ń ṣe é kí á tó kúrò nílé. A ṣì máa béèrè, “Ara ń kọ́?” Ìkíni ni ìbéèrè náà. Wọ́n ń bi í kó lè mọ̀ pé wọ́n rí òun.

Mi ò ní fi ìwé Wolfram sílẹ̀ láì dárúkọ Belacane. Ayaba adúláwọ̀ ni, ní ilẹ̀ kan tí Wolfram pè ní Zazamanc. Bàbá Parzival kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ó fi oyún sílẹ̀ fún un, ó wọ ọkọ̀ lọ lóru, ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Ọmọ tó bí ni Feirefiz, tí ara rẹ̀ dúdú tó tún funfun bí ti kannakánná. Feirefiz àti Parzival jà láìmọ ara wọn, idà Parzival ṣẹ́, wọ́n sì wá mọ̀ pé ọmọ bàbá kan náà ni àwọn. Nígbà tí wọ́n ní kí Parzival mú ẹnì kan ṣoṣo dání lọ sọ́dọ̀ Anfortas, òun ló mú. Nítorí náà, ọmọ ìyá adúláwọ̀ kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè ìbéèrè yẹn. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ Belacane ti kú, ìbànújẹ́ ló pa á, kò sì sẹ́ni tó padà lọ bi í pé kí ló ṣe é.

Ọdún kan ṣáájú ìgbà tí mo ṣe ìtumọ̀ yẹn, mo wá sílé, mo sì lọ kí Dádì Abẹ́òkúta. Ó jókòó ní pálọ̀. Oòrùn ń mú, ó fi aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbé mọ́ín-mọ́ín wá, wọ́n gbé ọsàn wá. Mo béèrè nípa adìyẹ rẹ̀, mo béèrè nípa iná mànàmáná, mo béèrè bóyá wọ́n ti san owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, kò sìn mí dé géètì. Láti kékeré mi, kò sí ìgbà kan tí kì í sìn mí dé géètì. Mo rí i, mo sì kúnlẹ̀, mo ní ó dàárọ̀.

Màmá mi ló sọ fún mi lórí fóònù lẹ́yìn oṣù mélòó kan: ìtọ̀ ṣúgà ni, wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì. Ó ní Dádì ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni tí kò bá béèrè.

Ní Oṣù Kejìlá tó tẹ̀ lé ìtumọ̀ náà, mo padà lọ. Aṣọ ìbora yẹn kan náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, ó bi mí nípa ìwé mi, mo dáhùn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo gbé àwo sílẹ̀.

“Dádì, kí ló ń ṣe yín?”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n gbé àpótí ìjókòó yẹn sún mọ́ òun. Òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ kúrò.